Ọjọ́ tí Tanímọ̀la Jókòó Sórí Àtẹ̀gùn

Àsìkò ìsinmi àwọn ọmọ ilé ìwé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òbí ló ti ń wá ibi tí wọ́n lè kó àwọn ọmọ lọ láìná owó gọbọi. Nígbàkigbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá ṣẹlẹ̀, gígun òkè ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ìdílé mi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ajá wa sì máa ń bá wa lọ. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín: ní ìgbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò, a kò dé orí òkè, èmi ni mo sì jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ohun tí mo kọ́ níbẹ̀ wúlò fún mi ju àwọn àwòrán tí mo fẹ́ lọ yà lọ.

Àkúrẹ́ ni a ń gbé. Láti Àkúrẹ́ sí Ìdànrè kò jìnnà. Bí ọ̀nà bá dán, ọkọ̀ kò ní lò tó wákàtí kan kí ó tó débẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ìlú náà rí mọ bí àwọn àpáta ńláńlá ṣe yí i ká, tí wọ́n ga fíofío, tí wọ́n sì dúdú mìnìjọ̀ bí agbo erin tó sùn ti ara wọn. Lórí àwọn àpáta wọ̀nyí ni ìlú Ìdànrè wà ní ayé àtijọ́. Ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, ilé ìwé àti agboolé àwọn ará ìlú, òkè ni gbogbo wọn wà. Odi tí Elédùmarè mọ fún wọn ni òkè náà ní ìgbà ogun. Àwọn ọdún 1920 ni wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ẹsẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ àti ọjà ti rọrùn. Ní ọdún 2007, orúkọ òkè náà wọ inú ìwé àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO yẹ̀ wò fún ipò ogún àgbáyé.

Lónìí, àtẹ̀gùn ni àlejò ń gbà gòkè lọ sí ìlú àtijọ́ náà. Wọ́n ju 600 lọ. Iye tí ẹnì kan bá kà kì í sáàbà bá ti ẹlòmíràn mu, nítorí kò pẹ́ tí àárẹ̀ fi máa ń da ìṣirò rú. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà, kí ènìyàn lè jókòó, kí ó mí, kí ó sì wo ìlú nísàlẹ̀.

Ènìyàn mẹ́rin ni wá nínú ilé: èmi, ìyàwó mi, Fọlákẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà náà, àti Àkànní, ọmọ ọdún méje. Ẹnì karùn-ún wa ni Tanímọ̀la. Ajá ìbílẹ̀ ni, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, àyà rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ nà ṣánṣán, ìrù rẹ̀ sì ká bí ìwọ̀. Àwọn baba wa máa ń fi orúkọ ajá pa òwe mọ́ aládùúgbò tó bá ń yọ wọ́n lẹ́nu, ṣùgbọ́n èmi kò ní ẹni tí mo fẹ́ bá wí nígbà tí mo sọ ọ́ ní orúkọ yẹn. Orúkọ náà kàn wù mí ni.

Nítorí Àkànní ni a ṣe gbà á sílé. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ajá kan ní àdúgbò lé e títí ó fi ṣubú sínú gọ́tà. Láti ọjọ́ náà, bí ajá bá ti gbó ní òpópónà kẹta, yóò di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, yóò sì máa gbọ̀n. Ọ̀rẹ́ ìyàwó mi kan ló gbà wá nímọ̀ràn pé kí a mú ọmọ ajá wálé, kí ọmọ wa lè máa wò ó bí ó ti ń dàgbà. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, Àkànní kò fọwọ́ kàn án. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá àwọn méjèèjì lórí ẹní ní ẹ̀yìnkùlé. Ọmọ náà gbé orí lé ikùn ajá, ó sì ń ka ìwé ABD sí i létí. Ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Kí ẹ lè mọ ohun tí ajá yìí jẹ́ nínú ilé wa ni mo ṣe sọ èyí.

Oṣù Kejì ọdún ni a yàn fún ìrìn náà, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Ìyá Fọlákẹ́ ti sọ ọ́ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni kí a gbéra. Ó jí, ó se ìrẹsì, ó dín dòdò, ó sì wẹ àwọn ọmọ. Èmi ni mo fà wá sẹ́yìn. Mo ní kí n kọ́kọ́ fọ ọkọ̀. Mo fọ ọkọ̀ tán, ẹnì kan pè mí láti ibi iṣẹ́, mo sì jókòó ti fóònù. Nígbà tí a ó fi dé ẹsẹ̀ òkè, tí a béèrè bóyá a lè mú ajá gòkè, tí wọ́n sì gbà pé kò burú bí okùn rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ wa, aago mẹ́wàá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù.

Ìyàwó mi gbé ojú sókè, ó wo oòrùn. Ó ní, “Bàbá Fọlákẹ́, oòrùn yìí ti ń le o. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí a jẹun lábẹ́ igi níbí, kí a wá gòkè lọ́jọ́ mìíràn?”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ìyá Fọlákẹ́, ṣé ibi tí a dé yìí la ti máa padà? Àwọn tí wọ́n ń gbé orí òkè yìí nígbà láéláé, tí wọ́n ń ru iṣu, tí wọ́n ń pọn ọmọ, ṣé oòrùn kì í pa wọ́n ni?”

Kò fèsì. Ó gbé báàgì oúnjẹ kọ́ èjìká, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí ìbéèrè tí mo bi í yẹn, nítorí ẹnì kan dá mi lóhùn rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó parí.

Fọlákẹ́ ló ń ka àtẹ̀gùn sókè ketekete. Ó ti gbọ́ nípa ẹsẹ̀ Agbóògùn, ojú ẹsẹ̀ kan tó wà lára àpáta lókè lọ́hùn-ún, tí ìtàn sọ pé ó máa ń bá ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn mu, ìbáà ṣe ọmọdé tàbí àgbà. Fún oṣù kan, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ sínú ibẹ̀, kí ó sì sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bóyá òótọ́ ni. Tanímọ̀la wà níwájú gbogbo wa. Ó ń fa okùn, ó ń gbóòórùn gbogbo igun, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ajá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Mo wí nínú ara mi pé bí ó bá kù sí ọwọ́ ajá yìí, a ó dé òkè kí wákàtí kan tó pé.

Nígbà tí Fọlákẹ́ ka 150, ajá náà kò fa okùn mọ́. Nígbà tí ó ka 200, ó ti bọ́ sẹ́yìn mi, ó sì ń mí gúlegúle, ahọ́n rẹ̀ sì yọ gbọọrọ. Níbi ìsinmi, a mu omi, a nu ojú. Omi inú ike mẹ́rin ni mo gbé wá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ènìyàn kọ̀ọ̀kan. N kò rántí ajá rárá. Àkànní da omi tirẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ajá náà sì lá a. Mo kígbe mọ́ ọn pé kí ó yé fi omi ṣòfò, nítorí ọ̀nà ṣì jìn.

Ọmọ náà ní, “Dádì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jó o. Ẹ wò ó bó ṣe ń gbé e sókè.”

Mo ní, “Ajá ni. Ara ajá le ju ti èèyàn lọ.”

A tún gbéra. Nígbà tí Fọlákẹ́ ka 243, okùn tó wà lọ́wọ́ mi le gan-an. Mo bojú wẹ̀yìn. Tanímọ̀la ti jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo pè é, kò dìde. Mo fà á, ó fi èékánná há ilẹ̀. Mo tún fà á, ó dìde, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí, ó sì wó lulẹ̀ sórí ìhà. Itọ́ ẹnu rẹ̀ ti ki bí ọ̀gì. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rò pé ó ń rí wa.

Àkànní kò sunkún. Ó kàn wò mí. Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ yóò mọ irú ìwò bẹ́ẹ̀.

Bí Elédùmarè ti ṣe é, ọkùnrin àgbàlagbà kan ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, àdá ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àpò ọdẹ sì wà léjìká rẹ̀. Kò kí wa tán kí ó tó kúnlẹ̀ ti ajá náà. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó sì ní kí a gbé e bọ́ sí ibòji igi tó wà létí ọ̀nà. Ó ní kí a da omi sí i ní abẹ́ ikùn, ní abíyá, àti ní àtẹ́lẹsẹ̀, kí a sì máa fẹ́ ẹ. Ó ní kí a má fi tipátipá da omi sí i lẹ́nu, kí ó má baà gba ọ̀nà òfun gbòdì, ṣùgbọ́n bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́ lá a, kí a fún un díẹ̀díẹ̀. Fọlákẹ́ tú gèlè kékeré tó wé sórí, ó rẹ ẹ́ sínú omi tó kù nínú ike rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ sí abẹ́ ikùn ajá náà. Kò sí ẹni tó rán an.

Bàbá náà yíjú sí mi. Ó ní, “Ọmọ mi, fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ lé àpáta yìí, kí o ka ení, èjì títí dé èje.”

Mo gbé ọwọ́ lé e. N kò lè ka ẹẹ́rin kí n tó gbé e kúrò.

Ó ní, “Bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Kí ló wà lẹ́sẹ̀ tirẹ̀? Ajá kì í làágùn káàkiri ara bí tiwa. Ahọ́n ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Bí afẹ́fẹ́ tó ń fà sínú bá ti gbóná bí iná, kí ni ahọ́n fẹ́ ṣe?”

Ìtìjú mú mi. Kí n lè ní ohun tí mo sọ, mo tún ìbéèrè tí mo bi ìyàwó mi bi òun náà: báwo wá ni àwọn ará àtijọ́ ṣe ń ṣe é?

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi yà lẹ́nu. Ó ní, “Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀sán gangan ni wọ́n ń gòkè? Ìyá tó bí ìyá mi, orí òkè yìí ni wọ́n bí i sí. Ó máa ń sọ fún wa pé kí àkùkọ tó kọ ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sóko. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀ ni wọ́n tó ń ru ẹrù bọ̀. Bí ó bá rẹ ẹnì kan, tó bá jókòó, àwọn yòókù á dúró dè é. Ta ni yóò fi èèyàn rẹ̀ sílẹ̀ sórí àpáta?”

Lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, ajá náà gbé orí sókè, ó sì lá omi ní àtẹ́lẹwọ́ Àkànní. Ara mi balẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Bí mo ti rí i pé ajá kò ní kú, èrò tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé a ṣì lè dé òkè. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò. Mo ní kí ìyàwó mi mú Fọlákẹ́ gòkè, kí èmi àti Àkànní dúró ti ajá. Tàbí kí òun dúró, kí èmi mú Fọlákẹ́ lọ kíákíá. Mo ti sọ fún gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi pé wọn yóò rí àwòrán wa láàfin Ọwá àtijọ́ ní ọjọ́ náà. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé bí a bá padà, mo ti pàdánù nǹkan kan.

Fọlákẹ́ ló dá mi lóhùn. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, nítorí ó ti sunkún díẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ó ní, “Dádì, ẹsẹ̀ Agbóògùn kò ní sá lọ. Ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.”

Àwọn àgbà ní, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ní ọjọ́ náà, ọmọdé ló gbọ́n. Mo gbé Tanímọ̀la kọ́ ọrùn bí ọdẹ ti í gbé ìgalà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń gòkè bọ̀ rí wa, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin lẹ mú ajá wá ni, àbí ajá ló mú yín wá?” N kò lè fèsì, nítorí orúnkún mi ń gbọ̀n ní gbogbo àtẹ̀gùn tí mo bá tẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé sísọ̀ kalẹ̀ ń dá orúnkún lóró ju gígòkè lọ.

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kan ní Àkúrẹ́ ni a gbà lọ tààrà. Ó fa omi sí ajá náà lára, ó sì tọ́jú àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti bó. Ó ṣàlàyé fún mi pé ara ajá tó ní àlàáfíà máa ń gbóná ní ìwọ̀n 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ó fi jẹ́ pé ara tirẹ̀ gbóná ju tiwa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ooru náà bá kọjá 41, ọpọlọ, kídìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà nínú ewu. Omi tútù lásán, ibòji àti afẹ́fẹ́ ni ìwòsàn àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kódà bí ó bá ti dìde. Ohun tí bàbá ọdẹ sọ fún wa lórí àpáta gan-an ni.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe àwọn ọmọ jọ. Kò rọrùn fún baba ilẹ̀ wa láti bẹ ọmọ, àwọn kan nínú yín sì lè ní kò yẹ bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún Àkànní pé òun ló rí ẹsẹ̀ ajá tó ń jó, pé mo gbọ́, mo sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ní kí ó má bínú. Ó ronú díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Bó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó, ṣé ẹ máa fà mí ni?” Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa lóru náà, nítorí mo rántí bí mo ṣe máa ń sọ fún un lórí iṣẹ́ ilé ìwé pé ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan gbọ́dọ̀ parí rẹ̀, ó rẹ̀ ẹ́ tàbí kò rẹ̀ ẹ́.

A padà sí Ìdànrè ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, nígbà tí òjò ti lọ, tí ọyẹ́ sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ìrìn yín lè dára ju tiwa ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ gbọ́ bí a ṣe múra. Fún oṣù méjì ṣáájú, a máa ń mú Tanímọ̀la rìn ní ìrọ̀lẹ́ ní ojú ọ̀nà olókè kékeré kan nítòsí ilé wa, títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi le, tí èémí rẹ̀ sì gùn. A rí i dájú pé abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn dìgbòlugi tó gbà kò tíì kọjá àkókò, nítorí àwọn ènìyàn àti ajá mìíràn lè wà lójú ọ̀nà. A gbé omi lítà méjì ọ̀tọ̀ fún un, pẹ̀lú abọ́ rọ́bà pẹlẹbẹ. A kò fún un lóúnjẹ púpọ̀ ní àárọ̀, a sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fi eegun adìyẹ sísè jù sí i, nítorí ó máa ń sán, ó sì lè gún un nínú. A mú ọ̀rá dání láti fi kó ìgbẹ́ rẹ̀. Ilé àwọn baba ńlá ẹlòmíràn ni a ń lọ. Kò yẹ kí a fi ẹ̀gbin sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyàwó mi ló sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ dání láti alẹ́. Ẹ lè fojú inú wo ìdí rẹ̀.

Ìdí mìíràn wà tí okùn kò fi gbọdọ̀ kúrò lọ́rùn ajá níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan wà tó jẹ́ pé orí òkè Ìdànrè nìkan ni a mọ̀ ọ́n sí ní gbogbo ayé. Àwọn onímọ̀ fi orúkọ onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Perret pè é. Fún nǹkan bí ogójì ọdún, kò sí onímọ̀ tó rí i, kí wọ́n tó tún rí i ní ọdún 2013. Ibi tí omi ti ń sun lára àpáta ni ó ń gbé. Ajá kan ṣoṣo tó ń sáré kiri nínú omi bẹ́ẹ̀ lè ba ibùgbé ẹ̀dá tí kò ní ilé mìíràn jẹ́. Nígbà tí mo sọ èyí fún Àkànní, òun fúnra rẹ̀ ló di okùn náà mú láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Ìlànà kan ni a tún gbé kalẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú lọ bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù. Ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan, bí ó rẹ̀ wá tàbí kò rẹ̀ wá, a máa ń jókòó. Ẹnì kan á béèrè pé, “Ta ló rẹ̀ jù?” Ẹni tó bá rẹ̀ jù ni yóò bọ́ síwájú, àwọn yòókù á sì máa tẹ̀lé e ní ìwọ̀n ìrìn tirẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, a ó wo ẹnu ajá, nítorí òun kò lè parọ́. Ìrìn ọjọ́ náà lọ́ra gidi. Ṣùgbọ́n ìgbà tí oòrùn fi gòkè dáadáa, a ti wà lókè, atẹ́gùn ń fẹ́, ìlú sì tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀ bí ẹní tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hun.

A rí ààfin àtijọ́, a rí ibi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti jókòó nígbà kan. Fọlákẹ́ bọ́ bàtà, ó fi ẹsẹ̀ sínú ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn, ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì. Bóyá ó bá a mu tàbí kò bá a mu, ó ní òun kò ní sọ. Kí olúkúlùkù lọ fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ wò ó. Tanímọ̀la sùn sí ibòji, Àkànní sì gbé orí lé ikùn rẹ̀.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀, ní ibi ìsinmi àkọ́kọ́, ọmọ náà béèrè pé, “Ta ló rẹ̀ jù?” Ìyá rẹ̀ ní kò rẹ òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kò rẹ òun. Ajá ń ju ìrù. Orúnkún mi ti ń ké rora láti ìgbà tí a ti tẹ àtẹ̀gùn kẹwàá, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ dákẹ́. Gbogbo wọn wò mí.

Mo ní, “Èmi ni.”

Àkànní fa ajá sẹ́yìn, ó sì yà fún mi lọ́nà kí n bọ́ síwájú.